Àdán Lókè, Agbálẹ̀ Nílẹ̀: Ta Ni Yóò Dáhùn fún Ikú Àǹtí Tónítóní?

Ọ̀rá ni mo kọ́kọ́ rí. Ọ̀rá funfun fífẹ̀, irú èyí tí àwọn akunlé máa ń tẹ́ sílẹ̀ kí ọ̀dà má baà ta sí nǹkan onínǹkan. Wọ́n fi bo àwọn kọ́bọ́ọ̀dù ìwé inú gbọ̀ngàn ilé ẹjọ́ náà láti òkè délẹ̀. Wọ́n fi bo àga adájọ́. Wọ́n fi bo tábìlì àwọn lọ́yà, wọ́n sì so etí rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì kí afẹ́fẹ́ má baà ṣí i. Ìgbẹ́ àdán ló wà lórí gbogbo rẹ̀, ó ti gbẹ, ó wẹ́lẹ́, ó dúdú bí èédú tí wọ́n lọ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sin àbúrò ìyá mi ni, agbálẹ̀ gbọ̀ngàn yìí, èmi àti ọmọ rẹ̀ obìnrin sì wá kó ẹrù rẹ̀: bàtà rọ́bà, ife, aṣọ orí kan tó fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ tó ti kú ni mo ti ń bi ara mi pé báwo ni àìsàn ṣe lè jẹ èèyàn tán báyìí láìjẹ́ pé ẹnì kan rí i. Níwájú ọ̀rá yẹn ló ti yé mi. Wọ́n rí i. Ẹni tí kò mọ̀ pé nǹkan burúkú ń já bọ́ láti òkè kì í fi ọ̀rá bo àga. Wọ́n bo ìwé, wọ́n bo àga, wọ́n bo tábìlì. Imú ẹni tó ń gbálẹ̀ nìkan ni ọ̀rá kò kárí.

Àǹtí Tónítóní ni gbogbo wa ń pè é. Obìnrin tó máa ń fọ ọṣẹ kó tó fi ọṣẹ fọ nǹkan ni. Bí o bá jókòó sórí ibùsùn tó ti tẹ́, kò ní sọ̀rọ̀. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò máa wo ìdí rẹ títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi dìde, tí wàá tún fi ọwọ́ na aṣọ ibùsùn náà. Nígbà tí mo dé láti òkè òkun tí mo ti lọ kàwé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo dé sí, torí mo fẹ́ kí èdè ìyá mi padà sí mi lẹ́nu. Bí ẹni ń fún ọmọ lóúnjẹ ló ṣe ń fún mi lọ́rọ̀. Bí mo bá ṣì í sọ, á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ọmọ Àjò, ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì jinná. Dá a padà síná.”

Òfin kan wà tí kì í fi ṣeré nínú ilé rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbá ilẹ̀ gbígbẹ. Omi ni wàá kọ́kọ́ wọ́n. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé, ṣé kí ilẹ̀ lè tutù ni. Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í pé kí ló dé tí à ń fi ẹsẹ̀ rìn.

“Eruku kì í ṣe ẹni tí à ń jí lójijì,” ó ní. “Wọ́n omi sí i kó sùn. Tó bá ti sùn, o lè gbé e lọ síbi tó bá wù ọ́.”

Kò mọ nǹkan kan nípa àìsàn inú eruku o. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ìyá ìyá rẹ̀ ló kọ́ ìyá rẹ̀, bóyá nítorí ojú, bóyá nítorí àlejò tó jókòó. Ohun tí gbogbo ọmọdé tó bá mú ìgbálẹ̀ mọ̀ ni. Níbi iṣẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Níbi iṣẹ́ rẹ̀, èèwọ̀ ni.

Pákó ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà. Ó ti dàgbà ju gbogbo adájọ́ tó ti tẹ̀ ẹ́ rí lọ. Wọ́n kùn ún, ó ń dán, àwọn àlejò sì máa ń wá láti ọ̀nà jíjìn wá ya fọ́tò lórí rẹ̀. Akọ̀wé àgbà ilé ẹjọ́, ọkùnrin tó fẹ́ràn ilẹ̀ yẹn ju àwọn tó ń rìn lórí rẹ̀ lọ, ló pàṣẹ pé ẹ̀kán omi kan kò gbọ́dọ̀ kàn án. Ó ní omi máa ń jẹ́ kí pákó wú. Àǹtí bá sọ ọ́ ní Ọ̀gá Pákó. Nítorí náà, láràárọ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó kù tó dé, obìnrin tó ń fi omi wọ́n ilẹ̀ ilé ara rẹ̀ yóò wọ gbọ̀ngàn ìjọba, yóò sì gbá ìgbẹ́ àdán gbígbẹ ní gbígbẹ. Eruku yóò gbé e mì bí ìkúùkù. Ìgbà tó bá ti jáde síta ló tó ń mí.

Nígbà tó fi etí aṣọ orí rẹ̀ bo imú, Ọ̀gá Pákó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó sọ ìtàn yìí fún wa nílé, ó ń sín ohùn ọkùnrin náà jẹ, a sì ń rẹ́rìn-ín.

“Màdáámù, ẹ tú nǹkan yẹn kúrò lójú. Tí àlejò bá wọlé tó bá yín pẹ̀lú ìbòmú, kí ni yóò rò? Yóò ní ilé ẹjọ́ ń rùn.”

“Ṣé kò rùn ni, ọ̀gá?”

“Òórùn àtijọ́ ni. Ilé àtijọ́ nilé yìí.”

A rẹ́rìn-ín. Àṣé ikú ló ń bá wa ṣe ẹ̀fẹ̀.

Kí n tó lọ síwájú, mo fẹ́ sọ ọ́ kó hàn kedere: ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi pa àdán. Àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí ti wà nínú àjà ilé ẹjọ́ yẹn kí wọ́n tó bí mi. Ìlú ti gé igi tí wọ́n ń sùn sí, ó sì fi òrùlé rọ́pò rẹ̀. Ibi tí wọ́n rí ni wọ́n wọ̀. Pákó kan tó yẹ̀ lábẹ́ òrùlé ni ẹnu ọ̀nà wọn. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, wọ́n á tú jáde bí èéfín, wọ́n á lọ jẹ ẹ̀fọn tí ì bá jẹ wá. Àǹtí fẹ́ràn wọn. Ó ń pè wọ́n ní ayálégbé òkè. Ó ní àwọn nìkan ni wọ́n ń wọ ilé ẹjọ́ láìgba lọ́yà, tí wọ́n sì ń jáde láìsan ìtanràn. Àgbà ní àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ. Tiwa yìí dorí kodò, ìṣe èèyàn ló ń wò. Bó bá lè sọ̀rọ̀, ẹ̀rí ta ni yóò jẹ́?

Ìwúkọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òógùn òru. Lẹ́yìn náà ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Aránṣọ ni ọmọ rẹ̀, aṣọ iṣẹ́ ìyá rẹ̀ sì ń fẹ̀ jù ú lọ, ó dín in. Kò pẹ́ púpọ̀, ó tún dín in. Ó tún dín in. Mo rí i níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó gbé ẹsẹ̀ lé e, kò tẹ̀ ẹ́, ó kàn ń wo etí aṣọ náà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, aṣọ yìí ò níbi tí mo tún lè gbé abẹ́rẹ́ gbà mọ́.”

Nílé ìwòsàn tí wọ́n kọ́kọ́ lọ, dókítà wo àyà rẹ̀, ó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Kò tíì ṣe àyẹ̀wò tó pé, ṣùgbọ́n agbálẹ̀ ni, ó ń rù, ó ń wúkọ́, kí ló tún kù? Bó ti ń kọ orúkọ oògùn ló béèrè, láìgbé ojú sókè, pé, “Ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ṣé ó dọ̀tí?”

Ọmọ rẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló sọ fún mi. Ó ní ìyá òun tí kò lè jókòó dáadáa lọ́jọ́ náà na ẹ̀yìn gbọnrangandan. Ó ní, “Dókítà, ẹ lọ síbẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Ẹ lè fi ahọ́n lá ilẹ̀ ibẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn tí ì bá gbà á là ṣe bọ́ sọnù. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló ń bi agbálẹ̀ bóyá ibi tó ń gbá dọ̀tí? Ìgbà wo lo bi alásè pé ṣé ọbẹ̀ rẹ̀ ń rùn, tó ní bẹ́ẹ̀ ni? Àǹtí mi kò purọ́. Ilẹ̀ yẹn mọ́. Òun ló mú un mọ́. Ibi tí ìdọ̀tí rẹ̀ wọlé sí ni dókítà ń fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà tẹ́tí sí láti òwúrọ̀, tí kò mọ̀.

Ó ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, ó ń lọ síbi iṣẹ́. Oògùn kò ran nǹkan kan. Wọ́n ní bóyá kò lò ó bó ṣe yẹ. Obìnrin tó ń ka ẹyọ ìgbálẹ̀ rẹ̀, òun ni wọ́n ní kò lè ka oògùn. Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá, dókítà obìnrin kan tó ń tọ́jú ẹ̀dọ̀fóró wo fọ́tò àyà rẹ̀ títí. Kò béèrè ìdọ̀tí. Ó ní, “Màmá, ẹranko wo lẹ bá jọ ń gbé?”

Àǹtí rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní òun ò ní ajá, òun ò ní ológbò, àfi àwọn ayálégbé òkè.

“Ayálégbé wo?”

“Àdán ni, dókítà. Àdán ibi iṣẹ́ mi.”

Obìnrin náà gbé bírò sílẹ̀. Òun ló ṣàlàyé fún wa pé ohun kan wà tó máa ń hù nínú ìgbẹ́ àdán tó bá ti pẹ́, bí nǹkan tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó bu, ṣùgbọ́n tí ojú kò lè rí. Bí wọ́n bá gbá a ní gbígbẹ, á gbéra pẹ̀lú eruku, á wọ ẹ̀dọ̀fóró, á sì máa ṣe bí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ó ní oògùn rẹ̀ wà, kò jọ ti ikọ́ ẹ̀gbẹ rárá, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn tó lè sọ̀rọ̀, ohun tó sọ fún ọmọ rẹ̀ ni pé kó bá òun sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kò mọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí gbọ̀ngàn, lọ́jọ́ tí a lọ kó ẹrù Àǹtí. Bí mo ti ń wo ọ̀rá yẹn, bàbá tó ń ṣọ́ géètì wọlé wá bá wa kẹ́dùn. Mo bi í ìgbà tí àwọn adájọ́ máa ń jókòó níbẹ̀.

“Níbí kẹ̀? Wọn ò jókòó níbí mọ́, ọmọ mi. Ó ti pẹ́. Adájọ́ kan ló sín, ó sín, ó sín títí lọ́yà fi gbàgbé ẹjọ́ tó ń rò. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n kó gbogbo wọn lọ sílé tuntun tó wà lẹ́yìn.”

“Ta ló wá kù síbí, bàbá?”

Ó wo ọmọ Àǹtí, ó gbójú kúrò. “Ìwé ló kù. Ìwé àti màmá yín. Àlejò ṣì máa ń wá wo pákó.” Ó gbé bàtà rọ́bà náà fún wa. “Ẹni tó ń gbá a ṣáájú wọn náà, ìwúkọ́ ló gbé e lọ sílé. A ò gbúròó rẹ̀ mọ́.”

Ẹ gbọ́ ná. Adájọ́ sín, wọ́n kó o lọ sílé tuntun. Agbálẹ̀ wúkọ́, wọ́n ní kó tú aṣọ kúrò nímú.

Mo lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà. Ó dìde fún mi, ó kẹ́dùn, ó ní òṣìṣẹ́ tó ṣọ̀wọ́n ni Àǹtí. Mo dúpẹ́. Mo bi í pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ní kí wọ́n fi ọ̀rá bo ìwé?”

“Èmi ni. Ìwé àtijọ́ ni wọ́n, kò sí ẹ̀dà wọn níbòmíì.”

“Àǹtí mi ńkọ́, sà? Ẹ̀dà tirẹ̀ wà níbòmíì?”

Ojú rẹ̀ yí padà. “Ẹ má fi ìbínú sọ̀rọ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa wọ́n, bí wọ́n ṣe sọ fún wa nìyẹn. Àdán ti wà níbí ọjọ́ ti pẹ́, kò pa ẹnikẹ́ni rí.”

“Ta lẹ bi, sà, nínú àwọn tó ti gbálẹ̀ níbí?”

Ó ní òun ní ìpàdé.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ kò wọ̀ ọ́ létí. Ó wọ̀ ọ́. Ó tiẹ̀ wọ̀ ọ́ jù. Kò pẹ́ sígbà náà tí wọ́n rán àwọn ọkùnrin pẹ̀lú iná èéfín àti ọ̀pá gígùn wọ àjà. Wọn ò fún ọ̀kankan nínú wọn ní ìbòmú. Wọ́n na òrùlé, wọ́n fín in, àwọn àdán tú yángá ní ọ̀sán gangan. Àwọn ọmọ wọn tí kò tíì lè fò já bọ́ sórí pákó olówó iyebíye. Àwọn tó lè fò wọ òrùlé ilé ẹ̀kọ́ tó wà lódìkejì ọ̀nà, wọ́n wọ àjà ilé tí aránbàtà kan àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Ìṣòro tó wà lábẹ́ òrùlé kan ti di ti àdúgbò. Ìgbẹ́ tó sì ti wà nínú àjà láti ọdún gbọọrọ gbọọrọ rọ́ wálẹ̀ látàrí ọ̀pá, ó bo gbọ̀ngàn bí ìgbà tí iyanrìn wó lu ilé. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní àtúnṣe.

Mo béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹranko kan bó ṣe yẹ kí wọ́n ti ṣe é. Ó ní kò le. Kí wọ́n dúró kí àwọn ọmọ àdán lè fò. Kí wọ́n wá ta àwọ̀n sẹ́nu ihò náà lọ́nà tó jẹ́ pé wọ́n lè jáde, wọn ò sì ní lè wọlé padà. Bí wọ́n bá ti jáde tán, kí wọ́n dí i. Kí àwọn tó máa kó ìgbẹ́ náà bo imú bo ẹnu, kí wọ́n rin ín dáadáa kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Omi ṣáá ni. Omi tí Àǹtí mi ń wọ́n sílẹ̀ ilé rẹ̀ láràárọ̀. Ìjọba kò rí omi fún un nítorí pákó.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí lónìí, tí n kò dúró kí ojú mi gbẹ, wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọ̀gá Pákó fúnra rẹ̀ wá sílé wa. Ó jókòó, ó mu omi, ó ní ilé ẹjọ́ kì í gbàgbé ẹni tirẹ̀. Ó ní àwọn ti jíròrò rẹ̀ lókè, àwọn sì ti gbà kí ọmọ gba ipò ìyá. Kó wá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Gbọ̀ngàn nílò ẹni tó máa tètè tún un ṣe, torí àwọn àlejò pàtàkì ń bọ̀.

Mo ní, “Ṣé wọ́n á jẹ́ kó wọ́n omi?”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ mọ̀ pé pákó ni.”

Nígbà tó lọ tán, mo rò pé àbúrò mi, ọmọ Àǹtí, yóò bínú. Ó ń fọ ife tí ọkùnrin náà fi mu omi. Ó ní, “Màá lọ, Ẹ̀gbọ́n.”

“Lọ síbo?”

“Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Láti oṣù yìí, ẹ̀rọ mi ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Kò sẹ́ni tó gbé aṣọ wá. Iṣẹ́ ìjọba rèé, ó bá mi nínú ilé.”

“Iṣẹ́ tó pa ìyá rẹ?”

“Ẹ ti ń sọ òyìnbó ní Yorùbá.” Kò rẹ́rìn-ín. “Ẹ lè padà sí òkè òkun lọ́jọ́ tó bá wù yín. Èmi ńkọ́? Àti pé tí ẹlòmíì bá lọ gbá a, tí kò gbá a bí Màmi ṣe ń gbá a, kí làwọn èèyàn á sọ? Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà tẹ́lẹ̀. Màá wọ́n omi tí wọn ò bá sí níbẹ̀.”

“Tí wọ́n bá wà níbẹ̀ ńkọ́?”

Ó ṣan ife náà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀.

Nítorí náà, mo ń pè wọ́n síta. Mo fẹ́ kí akọ̀wé àgbà, àti ẹni tó ju akọ̀wé àgbà lọ, sọ fún wa lójú gbogbo ayé ìgbà tí wọ́n mọ̀ àti ìdí tí wọ́n fi kó adájọ́ kúrò tí wọ́n fi agbálẹ̀ sílẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n ti gbọ̀ngàn yẹn pa títí àwọn tó mọ iṣẹ́ ìlera yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fẹ́ kí wọ́n wá ẹni tó gbá a ṣáájú Àǹtí mi, bó bá ṣì ń mí, kí wọ́n fún un ní oògùn tó tọ́. Kí wọ́n wo àyà àwọn ọkùnrin tí wọ́n rán wọ àjà pẹ̀lú èéfín, kí wọ́n sì kìlọ̀ fún àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ òdìkejì ọ̀nà. Bí wọ́n bá ní kò kàn wọ́n, ilé ẹjọ́ ni wọ́n. Kí wọ́n dúró níbi tí àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn máa ń dúró sí, kí adájọ́ tó sín bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ìjọba kì í yára, ọjọ́ Ajé sì ń bọ̀. Mo ju ọmọ Àǹtí lọ lọ́jọ́ orí, mo lè sọ pé mo kọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní iṣẹ́ mìíràn tí mo lè nawọ́ rẹ̀ sí i, èèyàn kì í sì í gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni kó fi ọ̀rọ̀ rọ́pò. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ẹ̀yin tí ẹ ti gbálẹ̀ rí, ẹ̀yin tí ẹ ti gba iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ pé kò dára nítorí pé òun ló wà, ẹ̀yin tí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀ sọ̀rọ̀ tí kò fi ní dà bí ìtìjú sí ìyá rẹ̀: ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ̀wé sí mi kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Kí ni kí n sọ fún un?